Ọwọ́ Tí O Fi Ti Ilẹ̀

Copperfield, Calgary.
Àárọ̀ Sátidé.

Ìbùkún, Àníkẹ́ mi, ọmọ Àṣàkẹ́,

Mo mọ̀ pé àyà rẹ máa kọ́kọ́ já nígbà tí o bá rí ìwé tó nípọn tó báyìí, nítorí bàbá rẹ kì í kọ lẹ́tà. WhatsApp la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, bí mo bá sì kọ ju ìlà mẹ́ta lọ níbẹ̀, wàá ní, "Daddy, hope no problem?" Kò sí ẹni tó kú, kò sí ẹni tó ń ṣàìsàn. Furnace tó ń mú ilé gbóná ń ṣiṣẹ́, snow ti bo ọkọ̀ mi lóde, mo sì ti pinnu pé mi ò ní jáde títí màá fi kọ èyí tán.

Nǹkan tí mo rí lẹ́nu ọ̀nà wa lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n mú bírò. Ọjọ́ tí o ń lọ sí Toronto láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun rẹ ni. Báàgì rẹ méjèèjì ti wà nínú ọkọ̀. O kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì kékeré ẹnu ọ̀nà, o ní, "Daddy, ẹ bless me." Mo gbé ọwọ́ lé orí rẹ, mo ṣàdúrà fún iṣẹ́ rẹ, mo ṣàdúrà fún ìgbéyàwó ìwọ àti Fẹ́mi tó ń bọ̀ ní summer, o sì ṣe àmín. Nígbà tí o fẹ́ dìde, o gbé orúnkún kan sókè, ara rẹ ò tẹ̀ lé e. O padà sílẹ̀. O wá fi ọwọ́ ọ̀tún ti ilẹ̀, o fi ọwọ́ òsì di ibi tí a ń to bàtà sí mú, o mí kanlẹ̀, kí o tó nàró. O rẹ́rìn-ín, o ní, "Old age, Daddy." Ìwọ, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Mi ò rẹ́rìn-ín. Láti ilé dé airport mi ò lè sọ̀rọ̀, o sì rò pé torí pé o ń lọ ni. Lóòótọ́, ó dùn mí pé o ń lọ. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọwọ́ yẹn lórí ilẹ̀ rí, ọmọ mi. Ọwọ́ ìyá rẹ ni.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí o lò nílé ni mo ń ṣọ́ ọ. Mo se ìrẹsì, o ní o ti jẹun. Mo din dòdò, o ní kí n gbé e sínú fridge. O wọ súwẹ́tà méjì nínú ilé tí èmi fi singlet jókòó sí. Ní ọjọ́ kẹta ni mo wá bi ọ́, o sì dá mi lóhùn láìgbé ojú kúrò lára laptop rẹ:

"Daddy, I only eat once a day now. It's for the dress. I've lost so much already, you can't see it?"

Mo ní, "Mo rí i. Ta ló kọ́ ọ?"

"Everybody is doing it. Abeg, Daddy, ẹ má start."

Mi ò start. Mo wọ basement lọ, mo jókòó síbẹ̀. Bí mo ṣe máa ń dákẹ́ nígbà ayé ìyá rẹ náà nìyẹn. Torí náà, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan yìí, kí n sọ ọ́ tán. Màá tò ó ní oókan-èjì bí a ṣe ń to ríìpọ́ọ̀tù nígbà tí mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà. Bí mo bá ṣì í kà, forí jì mí.

Èkíní.

Ìyá rẹ ò sanra nígbà tí a dé Calgary. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ìwọ, inú townhouse kan ní New Brighton la kọ́kọ́ gbé, o ṣì lè rántí. Obìnrin tó dàgbà sí Iléṣà ni, tó ń pọn omi láti inú kànga, tó ń gun òkè lọ sí ilé ìwé, tó sì jẹ́ pé kó tó fẹnu kan ẹ̀kọ àárọ̀, ó ti kúnlẹ̀ kí gbogbo àgbà inú agbo ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kà wọ́n fún mi rí lórí ìka: bàbá àgbà, ìyá àgbà méjèèjì, àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, àwọn ìyàwó ilé. Wọn ò dín ní ogún. Ìkúnlẹ̀ ogún, ìdìde ogún, lójoojúmọ́, lórí ikùn òfìfo, láìfi ọwọ́ kan ilẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ra wa ní Èkó, tíṣà ni, orí ìdúró ló ń wà títí wọn yóò fi lu agogo ìparí ilé ìwé.

A wá dé ibí. Ọkọ̀ gbé e láti garage dé ọ́fíìsì, àga gbà á lọ́wọ́ ọkọ̀, couch gbà á lọ́wọ́ àga. Winter àkọ́kọ́, tá a bá yọ ti ṣọ́ọ̀ṣì kúrò, a ò jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Èmi náà sanra, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò sọ mí lórúkọ. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ. O mọ̀ mí, mo fẹ́ràn àwàdà. Mo ń pè é ní Mummy Orobo. Mo ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú àlejò, mo ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ, gbogbo wa á rẹ́rìn-ín, tirẹ̀ ló sì ń le jù. Mo rò pé bí ènìyàn bá ti ń rẹ́rìn-ín, kò dùn ún nìyẹn.

Ní ọjọ́ kan mo wọ yàrá, mo rí i pé ó ti yí dígí gígùn wa kọjú sí ògiri. Mo bi í léèrè. Ó ní ẹsẹ̀ dígí náà ń mì, kó má baà wó. Mo gbà á gbọ́ torí pé ó rọrùn fún mi láti gbà á gbọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Pe Fẹ́mi, kí o bá a sọ̀rọ̀ kí ẹ tó ṣègbéyàwó. Ọmọ dáadáa ni, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ lórí fóònù tó ń pè ọ́ ní "my lẹ́pa", tó ń kígbe pé o ti fit, o sì ń rẹ́rìn-ín bí ìyá rẹ ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Sọ fún un pé kó má fi ara rẹ ṣàwàdà, ì báà jẹ́ èyí tó ń bú ọ tàbí èyí tó ń yìn ọ́. Bí kò bá yé e, kó pè mí, màá sọ ohun tí mo fi ẹnu mi bàjẹ́ fún un.

Èkejì, ọ̀rọ̀ ààwẹ̀. Mo ní láti rọra sọ èyí torí pé ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ wà nínú rẹ̀. Mi ò bá ààwẹ̀ jà. Mo ṣì ń gbà á.

O mọ̀ pé gbogbo January ni ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún, a ó ṣí i ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ní ọdún kan, bí a ṣe parí rẹ̀, ìyá rẹ rí i pé zip síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kan ti lè padé. Ó bá tún ń bá a lọ. Gbogbo ìjọ ti padà sídìí oúnjẹ, òun ṣì wà lórí ààwẹ̀, tíì àti bisikíìtì méjì ló fi ń ṣínu. Alàgbà ni mí nínú ìjọ náà, inú mi sì ń dùn. Mo ń sọ ọ́ káàkiri pé ìyàwó mi ò fi àdúrà ṣeré. Bí a bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, àwọn obìnrin á yí i ká: "Ah ah, Mummy! Ẹ ti slim o! Sweet sixteen!" Ojú rẹ̀ á tàn. Ẹnì kankan ò bi í pé kí ló ń jẹ.

Kó tó di Easter, ebi á ti ṣẹ́gun rẹ̀. Á jẹun bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé, ara á padà, á sì lé sí i. January mìíràn á dé, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi ṣe é. Nígbà tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló tó sọ fún mi. Ó ní, "Bàbá Ìbùkún, ẹ má bínú o. Kì í ṣe gbogbo ààwẹ̀ yẹn ni mo fi gbàdúrà." Òun ló ń bẹ̀ mí. Mo ní láti gbé bírò sílẹ̀ díẹ̀ kí n nu ojú.

Mo ti padà.

Wá jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ààwẹ̀ yẹn ṣe fún ara rẹ̀, torí ohun kan náà ni oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ tìrẹ fẹ́ ṣe. O mọ furnace inú basement wa. Ní January, bí gbogbo wa bá dùbúlẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí ẹnì kankan nílé, kì í dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Bó bá dáwọ́ dúró, omi inú páìpù á di yìnyín, páìpù á bẹ́. Ara wa náà ní iná tirẹ̀. Bí o bá jókòó jẹ́ẹ́ láìgbé ìka, ọkàn rẹ ń lù, o ń mí, ọpọlọ rẹ àti ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ń ṣiṣẹ́, iṣan rẹ náà, ìyẹn ẹran líle tó wà ní itan àti apá àti ẹ̀yìn rẹ, ń jẹ tirẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń jẹ lójúmọ́, ìdí iná yẹn ló ń lọ. Mo fi gbogbo ayé mi ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ, mo mọ ohun tí ẹ̀rọ ń jẹ bó tilẹ̀ dúró sójú kan. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ìyàwó mi náà ń jẹ tirẹ̀ bó bá jókòó.

Bí oúnjẹ bá dín kù lójijì, tó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, ara á rò pé ìyàn ti mú. Á yí thermostat, ohun tó ń díwọ̀n ooru, wálẹ̀. Òtútù á máa mú ọ níbi tí òtútù ò sí, á máa rẹ̀ ọ́, wàá máa jókòó níbi tó yẹ kí o ti dìde. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ̀rọ̀ súwẹ́tà rẹ. Bí ìyẹn ò bá sì tó, ara á máa jẹ iṣan mọ́ ọ̀rá. Ẹ̀rọ ìwọ̀n inú bathroom á ní o ti fúyẹ́, ṣùgbọ́n kò ní sọ ohun tó lọ fún ọ. Ọ̀rá ló máa ń tètè padà ní tirẹ̀. Iṣan kì í padà lásán, àfi bí ènìyàn bá ṣiṣẹ́ fún un. Nítorí náà, January lẹ́yìn January, iṣan ìyá rẹ ń dín kù, iná rẹ̀ sì ń relẹ̀, títí abọ́ ìrẹsì tí kò ṣe é ní nǹkan kan ní New Brighton fi wá ń sọ ọ́ di bàmùbàmù ní Copperfield níbí. Á sunkún, á ní Ọlọ́run ló mọ ohun tí òun ṣe. Èmi á ní kó mú ìfaradà sí i.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù, torí pé ìfẹ́ ni mo pè é.

Nígbà tí a kó dé Copperfield níbí, ìyá rẹ ti di àgbà ìjọ. Àwọn tọkọtaya kéékèèké tó ń ti Nàìjíríà bọ̀, òun ni ìyá wọn. Kò lè gbé báàgì láti ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹnì kan má sáré gbà á. "Ah, Mummy, ẹ fi sílẹ̀! Mummy, ẹ jókòó jàre." Bó bá fẹ́ to àga, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá dìde láti bu omi, ẹlòmíràn ti bù ú wá. Bí a ṣe kọ́ wọn nílé nìyẹn, bí a ṣe kọ́ ìwọ náà nìyẹn, kò sí ẹ̀bi wọn níbẹ̀.

Tèmi nílé burú ju tiwọn lọ. Mo gba ṣọ́bìrì snow lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mò ń gbé gbogbo ohun tí a bá rà. Nígbà tó ní orúnkún ń ro òun, mo gbé freezer kúrò ní basement wá sókè kó má baà gun àtẹ̀gùn mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ fún un pé ó rí ọkọ gidi fẹ́. Orí mi sì ń wú. Nǹkan díẹ̀ tí ara rẹ̀ ṣì ń ṣe lójoojúmọ́, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń gba ìyìn lórí ẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí kò sí ẹni tó kíyè sí i. Ní Calgary, ìyá rẹ ò rí ẹni tí yóò kúnlẹ̀ kí mọ́. Àwọn èèyàn ló ń kúnlẹ̀ kí i. Obìnrin tó ti ń kúnlẹ̀ láti kékeré, ọdún ń yí lu ọdún, orúnkún rẹ̀ ò kan ilẹ̀ mọ́. Àdúrà gan-an, orí àga ló ti ń gbà á.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìyá pastor wa wá láti Ìjẹ̀bú, arúgbó tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Lẹ́yìn ìsìn, ìyá rẹ lọ kí i. Inú rẹ̀ dùn pé òun rí àgbà. Ó ká síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè díẹ̀, ó kúnlẹ̀ wọlẹ̀ pátápátá, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀, Mà. Ẹ kú ìrìn." Màmá náà súre fún un. Wọ́n parí, gbogbo ènìyàn ń retí kó dìde. Kò dìde. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, ó padà. Ó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀. Mo dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́ta sí i.

Ṣé o mọ ohun tí mo ṣe? Mo ní, "Mà, ẹ jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ o, ìbùkún ló ń kó!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin méjì ló gbé e ní apá. Ó yí ojú sí mi. Kò bínú. Ojú ẹni tó ń wá ẹni tí yóò bá òun bẹ̀rù ni, mo sì fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Ojú yẹn ni mo ń rí bí mo bá ń fọ abọ́, tí mo bá ń wa ọkọ̀, ibi gbogbo. Nínú ọkọ̀ nígbà tí a ń lọ sílé, ó ní, "Ẹsẹ̀ mi ò gbọ́ tèmi mọ́." Mo ní òtútù ni.

Èyí tó kù, o mọ̀ ọ́n, ìwọ náà wà níbẹ̀. Winter yẹn ló ṣubú lórí yìnyín níwájú garage. Ìṣubú tí ọmọ ogún ọdún á dìde níbẹ̀, á gbọn ara, á máa lọ. Egungun ìbàdí ló dá. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, ó yọrí sí rere, a dúpẹ́ nínú ìjọ. Kò sì rìn mọ́. Obìnrin tó ń kọ́ ìyá rẹ láti rìn ní ọsibítù pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní egungun rẹ̀ ti ń jinná, ṣùgbọ́n kò sí iṣan tí yóò gbé e dúró, iṣan náà sì ti ń lọ tipẹ́tipẹ́ kó tó ṣubú. Lórí bẹ́ẹ̀dì, ìwọ̀nba tó kù lọ. Ikọ́ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kò ní agbára tí yóò fi hú u jáde. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. O di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú lọ́jọ́ tó fi wá sílẹ̀, o ní, "Daddy, her legs are so small." Mo gbọ́ ọ.

Mi ò mọ ibi tí mo ka nǹkan dé mọ́. Jẹ́ kí n kàn máa sọ ọ́.

Lẹ́yìn tí a sin ín, mi ò lè jókòó nílé. Mo lọ forúkọ sílẹ̀ ní ibi eré ìdárayá kan tí kò jìnnà sí McKenzie Towne. Ọmọbìnrin ará Philippines kan tí wọ́n ń pè ní Grace ló ń kọ́ àwa àgbà níbẹ̀. Mo gbé gbogbo ìbéèrè mi kò ó lójú bíi lọ́yà. Mo bi í bóyá bí ìyàwó mi bá ti ń gbé irin ni, ì bá wà láàyè. Kò purọ́ fún mi. Ó ní, "Sir, I can't tell you that. Nobody can." Ó tún sọ fún mi pé kí n má gba àwọn tó ń pariwo lórí íńtánẹ́ẹ̀tì gbọ́, pé iṣan kì í ṣe idán. Iná tí iṣan fi ń kún iná ara nígbà ìsinmi ò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń polówó rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni, ọdún lórí ọdún ló ń hàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní iṣan máa ń rìn, máa ń gbé nǹkan, máa ń dìde, gbogbo èyí sì ń da epo sínú iná náà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí kò ní in á jókòó.

Nítorí náà, Àníkẹ́ mi, jẹun. Jẹun láàárọ̀. Má fi gbogbo oúnjẹ òòjọ́ rẹ sí ẹ̀ẹ̀kan. Jẹ ẹyin, jẹ ẹja, jẹ ẹ̀wà, se mọ́ínmọ́ín kí o gbé e sínú freezer, torí àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ara fi ń kọ́ iṣan. Bí o bá fẹ́ dín ara kù, mi ò ní kí o má dín in, ara rẹ ni. Dín in kù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí o máa gbé irin bí o ti ń dín in, kí ara má baà máa jẹ èyí tó yẹ kó fi sílẹ̀.

Gbé nǹkan tó wúwo lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Má sọ fún mi pé gym jìnnà. Ó ní bí Grace ṣe kọ́ wa: jókòó sórí àga, ká ọwọ́ mọ́ àyà, dìde láìfi ọwọ́ ti nǹkan kan, tún jókòó. Bí ó bá rọrùn, kó ìwé sínú báàgì kí o gbé e kọ́rùn. Iṣẹ́ tuntun rẹ yìí, iwájú kọ̀ǹpútà lo máa wà láti àárọ̀. Dìde ní wákàtí wákàtí. Bí o bá ń gba fóònù, máa rìn. Gbé ẹrù rẹ fúnra rẹ. Bí Fẹ́mi bá fẹ́ gbà á, fún un ní ìdajì. Sì máa sùn dáadáa, torí ara tí kò sùn, ebi rẹ̀ kì í tán.

Má tẹ̀ lé ẹ̀rọ ìwọ̀n. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan ń lọ dáadáa, gun àtẹ̀gùn kí o gbọ́ bí o ṣe ń mí.

Kí o sì lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí. Ó lè jẹ́ pé òòyì ló kọ́ ọ ní ẹnu ọ̀nà yẹn, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló lọ sílẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ọ́ wò. Má sọ pé òtútù ni. Èmi ti sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ó kù díẹ̀ kí n parí. Nǹkan kan wà tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, kódà pastor.

Àga ìyá rẹ ṣì wà ní parlour, èyí tó kọjú sí fèrèsé. Láràárọ̀, kí n tó mu tíì, mo máa ń lọ síwájú rẹ̀, màá sì dọ̀bálẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ gidi, àyà dé ilẹ̀. Màá fi apá gbé ara mi dìde, màá tún lọ sílẹ̀. Push-up ni Grace pè é nígbà tó kọ́ mi, ó ní kí n ṣe mẹ́wàá. Ní oṣù àkọ́kọ́ mi ò lè ṣe ẹyọ kan. Màá dọ̀bálẹ̀, mi ò ní lè dìde, màá wà lórí kápẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ màá máa sunkún, mo sì mọ bó ṣe rí fún un lọ́jọ́ yẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti ń ṣe mẹ́wàá báyìí. Nígbàkígbà tí àyà mi bá kan ilẹ̀, màá ní, "Àṣàkẹ́, jọ̀ọ́." Bàbá mi ò dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó rí, bí ó bá rí mi, á ní orí mi dàrú. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n la fi jọ gbé, mi ò bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tó wà lórí àga náà.

Mi ò fẹ́ kí Fẹ́mi kọ́ irú ìdọ̀bálẹ̀ yìí.

Ní summer, ẹ̀yin méjèèjì á wá síwájú mi, wàá kúnlẹ̀ kí n súre fún ọ, àga ẹ̀gbẹ́ mi á ṣófo. Má wo ibẹ̀, torí bí o bá wò ó, mi ò ní lè sọ̀rọ̀. Wọ aṣọ tó bá gbà ọ́. Bí wọ́n bá ní láti tú u kí wọ́n fi aṣọ kún un, kí wọ́n fi kún un, mi ò ní mọ̀. Gbogbo ènìyàn á máa wo aṣọ rẹ àti ojú rẹ. Bí mo bá ti ṣe àmín, tí o sì ń dìde, ọwọ́ rẹ ni èmi máa wò.

Bàbá rẹ ni.